Ibi Tí Àwo Funfun Ti Ń Pòórá

Ọkọ mi kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, lẹ́yìn ìrun Àílà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, mo ń tú ọrùn bùbá kan tí mo rán wọ́. Aládùúgbò wa kan ló pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé, kí n má sáré. N kò sáré. Mo ká bùbá náà, mo fi abẹ́rẹ́ sí ibi tí mo tú u dé, mo ti ilẹ̀kùn, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti na ọkọ mi sórí ẹní nínú pálọ̀. Ó kírun tán, ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀, kò sì jí mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín.

N kò sunkún. Àwọn tó wá kí mi ń sọ fún ara wọn pé mo lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ́, tí kò mọ̀ mọ́ bóyá òun ní ẹsẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alàájì ni gbogbo wa ń pè é. Òun ni àgbà ilé.

“Ìyàwó,” ó ní, “ọmọ wa tó wà lókè òkun yẹn, kò gbọdọ̀ gbọ́. Jẹ́ kó kọ́kọ́ parí ìwé rẹ̀. Bó bá gbọ́ báyìí, á já gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, á máa bọ̀. Bó bá sì dé, ṣé o mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kó padà wọlé ọ̀hún?”

Mo bi í pé títí di ìgbà wo.

“Títí tó fi máa yege.”

“Ó ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, Alàájì.”

“Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kì í ṣe títí láé.”

Kì í ṣe Alàájì ló dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é nílé tiwa náà ní Iléṣà. Wọ́n kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lájò gbọ́ ikú òbí rẹ̀ lóun nìkan. Wọ́n á dúró títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dilẹ̀, àgbà méjì tàbí mẹ́ta á wá lọ jókòó tì í, wọ́n á túfọ̀ fún un. Nígbà tí ìyá ìyá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́wọ́. Ó jẹ iyán nílé wa lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀ pé a ti sin ìyá àgbà. Nítorí náà mo ní ó dáa.

Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ni, obìnrin. Ó wà ní ìlú olótùútù kan, ó ń kọ ìwé oyè dókítà. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn ewéko kan tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, tí wọ́n ń gbé inú òkun níbi tí ayé parí sí, níbi tí omi ti ń di yìnyín. Ó ní gbogbo ohun tó ń jẹ̀ nínú òkun yẹn, láti orí edé títí dé orí ẹja àbùùbùtán, orí ewéko yìí ni oúnjẹ wọn dúró lé. Ó ti pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò dé ibẹ̀ rí. Inú kọ̀ǹpútà ni òkun tirẹ̀ wà. Ìṣirò ni. Ó ń fi nọ́ńbà dúró fún atẹ́gùn, fún oòrùn, fún yìnyín, fún ewéko, á wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe ọdún kan láàárín wákàtí kan, á wo ohun tó ṣẹ́ kù.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣàlàyé nǹkan fún mi tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ó máa ń yé mi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù, mo ń to bọ́tìnnì.

“Mọ́mì, ewéko yìí ò lẹ́sẹ̀, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Ibi tí omi bá gbé e lọ ló ń lọ. Atẹ́gùn ló ń po omi náà. Tó bá gbé e wá sókè, ó rí ìmọ́lẹ̀, ó jẹun nìyẹn. Tó bá gbé e lọ sísàlẹ̀, òkùnkùn ni.”

“Kí ló ń jẹ nínú òkùnkùn?”

“Ara ẹ̀ náà ni. Èyí tó ti jẹ pamọ́.”

“Tó bá wá pẹ́ níbẹ̀ ńkọ́?”

“Ohun tí mò ń ṣírò gan-an nìyẹn.”

Ó ní bí omi bá ń pò jìn ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé lọ, ohun tí ewéko ń ná á ju ohun tó ń rí lọ, wọn kò sì ní lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ìgbà oòrùn bá dé, yìnyín á yọ́. Omi yìnyín kò níyọ̀, ó fúyẹ́, á lé téńté sórí omi oníyọ̀ bí epo ṣe ń lé sórí ọbẹ̀. Pípò omi náà kò ní lè dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ewéko á wà lókè nínú ìmọ́lẹ̀, nígbà tí ọjọ́ mélòó kan bá sì kọjá, gbogbo omi á di àwọ̀ ewé.

Bàbá rẹ̀ gbádùn ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ní adágún kan tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ sẹ́yìn kíṣìnnì, tí a ti sin ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀ rí. Ẹja ti tán níbẹ̀. Omi òjò ló kún un, ó sì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́.

“Òkun tìrẹ wà nínú kọ̀ǹpútà,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀, “tèmi wà lẹ́yìn kíṣìnnì. Èwo lèèyàn lè fi ẹsẹ̀ bọ̀ níbẹ̀?”

“Dádì, ẹ má fi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ náà kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ so àwo kan tí a kun ní funfun mọ́ okùn, ó so òkúta sábẹ́ rẹ̀ kó lè rì. Á rọra sọ ọ́ sínú omi, á máa wò ó títí tí kò fi ní rí i mọ́. Ibi tí àwo bá ti pòórá, á di okùn mú níbẹ̀, á wo bó ṣe jìn tó. Ìyẹn ló ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ omi tó. Bí ewéko bá pọ̀ nínú omi, àwo kì í pẹ́ pòórá. Ní ọ̀sẹ̀ kan ọmọ á ní kí ó fi ọparun po adágún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì á ní kó má fọwọ́ kàn án. Bó bá pò ó, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ á dìde, omi á dúdú. Bó bá fi í sílẹ̀, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, ewéko á gba orí omi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ń fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù, á sì kọ bóyá oòrùn wà tàbí kò sí. Ọmọ náà ń fi í dán òkun kékeré kan wò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò sí nínú ìwé oyè. Eré bàbá àti ọmọ ni. “Olókun Òṣogbo” ló sọ bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ikú rẹ̀, fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. “Dádì, ẹ ò tíì fi tọ̀sẹ̀ yìí ránṣẹ́ o.”

Àwọn àlejò pọ̀ nínú pálọ̀. Mo jáde gba ẹ̀yìn kíṣìnnì. Mo mú àwo àti okùn níbi tó fi wọ́n kọ́. Kókó wà lára okùn náà, tó ta sí i ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún márùn-ún, kókó yìí ló máa ń kà. Télọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé ẹni tó bá fojú wọn aṣọ, ojú ló máa fi wọ̀ ọ́. Mo sọ àwo sómi, mo wò ó títí tó fi pòórá, mo fi àtàǹpàkò di okùn mú ní ojú omi, mo fà á jáde, mo sì fi tépù tí mo fi ń wọn aṣọ wọ̀n ọ́n. Mẹ́tàlélógójì ni. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ọkọ mi: 43. Oòrùn wà.

Ó fèsì lójú ẹsẹ̀. “Ẹ ṣé, Olókun Òṣogbo.”

Mo gbé fóònù náà sílẹ̀, mo padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Bí ó bá pe fóònù bàbá rẹ̀, n kì í gbé e. Tèmi ló ń pè lẹ́yìn náà. Alàájì kọ́ mi ní ohun tí n ó máa sọ.

“Sọ fún un pé ọ̀fun ń dùn ún, kò lè sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀fun ò dùn wọ́n, Alàájì.”

“Ìyàwó, ó ti kú. Ṣé ọ̀fun òkú yá ni?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ bojú.

N kò lè sọ ti ọ̀fun. Nígbà tí ọmọ bá bèèrè, mo ń wá ohun tó jẹ́ òótọ́ sọ. “Dádì ńkọ́?” “Wọ́n ti dùbúlẹ̀.” “Ẹ gbé e fún wọn.” “Wọn ò lè sọ̀rọ̀ báyìí.” “Ṣé kò sí nǹkan o?” “Alàájì wà níbí, wọ́n ní kí n kí ẹ.” Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Mo máa ń gbé fóònù sílẹ̀, n ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo rán aṣọ púpọ̀ ní àkókò yẹn. Kò sí èyí tí wọ́n dá padà.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, mo lọ sí Iléṣà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé nínú ilé bàbá wa, ó ń bójú tó oko kòkó tó kù, kì í pa ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì jẹ. Ó tọ́jú mi. Kò bi mí ní nǹkan kan títí di ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó gúnyán, mo sì sọ fún un pé bí mo bá jẹun tán, mo fẹ́ padà sí Òṣogbo.

“Kí ló wà ní Òṣogbo lọ́jọ́ Àìkú? Ṣọ́ọ̀bù rẹ ò ṣí.”

“Mo fẹ́ lọ wọn omi.”

Mo ṣàlàyé. Ó jẹ òkèlè mẹ́ta kó tó dáhùn.

“Kí ló dé tó ò jókòó síbí, kóo kọ nọ́ńbà kan ránṣẹ́? Ta ló máa mọ̀?”

“Kò ní jẹ́ òótọ́.”

“Háà. Ìwọ tó ò lè purọ́ nípa omi inú adágún, ìwọ lò ń purọ́ nípa òkú.”

“Àwọn ará ilé ọkọ mi ló ní bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀. Àwa náà ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti sọ fún un.”

“Kó wá bá kí ni nílé, ẹ̀gbọ́n mi? Wọ́n ti sin ín.”

“Kó wá bá ìwọ.”

Mo fọ ọwọ́. Ó bá mi di ẹran díẹ̀ àti obì fún Alàájì, ó sìn mí dé gáréèjì.

Ọkọ̀ wa kọjá lórí odò kan tí àwọn tó ń wa wúrà ti rú. Omi náà pọ́n bí tíì onímílíìkì. Obìnrin kan tó jókòó tì mí ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, èèyàn máa ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú odò yẹn. Awakọ̀ ní, “Wúrà ló wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa, bóyá ẹ ó rí owó ọkọ̀ yín.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ń ronú pé àwo kò ní wọlé tó ìka mẹ́rin nínú omi yẹn kó tó pòórá. Ọmọ mi ti sọ fún mi rí pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́hùn-ún náà. Yìnyín ńlá á máa lọ òkúta lúbúlúbú bó ṣe ń wọ́ bọ̀ láti orí òkè, ìyẹ̀fun òkúta náà á wọnú òkun, ewéko á wà lókè tán, kò sì ní rí ìmọ́lẹ̀.

Mo délé ní aago márùn-ún kọjá. Mẹ́rìndínlógójì. Kò sí oòrùn.

Ìdáhùn ọmọ mi lọ́jọ́ náà kò ju “Ẹ ṣé” lọ. Nígbà tó pè mí, kò bèèrè bàbá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò bèèrè. Mo sọ fún Alàájì.

“Kò bèèrè mọ́.”

“Ọlọ́hun ló bo àṣírí wa,” ó ní.

Ara tù mí. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ pé ó ṣe mí lára láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, pé ara tù mí díẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ọmọ mi wá ń sọ fún mi. Ó ní òkun inú kọ̀ǹpútà náà ń pa gbogbo ewéko nígbà òtútù. Oòrùn kì í yọ fún oṣù bíi mélòó kan, ìjì ń po omi jìn, bí ìgbà òtútù bá sì fi máa tán nínú ìṣirò òun, kò ní ku ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, nínú òkun gidi, díẹ̀ máa ń kù, àwọn díẹ̀ yìí ló máa ń di púpọ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé.

“Kí ló ń jẹ́ kí wọ́n kù?” ni mo bi í.

“A ò tíì mọ gbogbo ẹ̀. Àwọn kan máa ń dín ohun gbogbo kù. Wọn ò dàgbà, wọn ò pín. Wọ́n á kàn wà.”

“Báwo lo ṣe máa fi ìyẹn sínú ìṣirò?”

“Mo ti fi sí i. Mo ní kí wọ́n má ná tó bí wọ́n ṣe ń ná tẹ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Wọ́n kù báyìí.”

Mo ní ó ṣeun. Mo bi í bóyá ó jẹun.

Ọjọ́ tó lọ dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, Ọjọ́bọ̀ ni. Alàájì ti bá ará ìlú wa kan tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kó lọ bá a ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n lè jọ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà pè mí ní Ọjọ́bọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù.

“Mọ́mì, mo ti yege.”

“Mo dúpẹ́. O ṣe é.”

“Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ̀ ń wọn omi yẹn.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Nọ́ńbà Dádì, òdo tàbí márùn-ún ló máa ń parí sí. Kókó okùn ni wọ́n ń kà, àárín kókó méjì ò kàn wọ́n. Ó wá di mẹ́tàlélógójì. Ó di mọ́kànlélógójì. Mo ní ara Dádì ni ò yá, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn wọ̀n ọ́n. Mo wá ń retí ọ̀sẹ̀ tí nọ́ńbà máa padà sí ti kókó. Nígbà tó di mẹ́rìndínlógójì, mi ò retí ẹ̀ mọ́.”

“Kí ló dé tó ò bi mí?”

“Tí mo bá bi yín, ẹ máa sọ fún mi.”

Òótọ́ ni. Bó bá bi mí gbangba, n ó sọ fún un.

“Ọjọ́ wo ni, Mọ́mì?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú mẹ́tàlélógójì. Lẹ́yìn Àílà. Orí ìjókòó gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sí ìrora.”

“Ṣé wọ́n jẹun?”

“Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀. Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀kọ kan kù.”

“Ó dáa, Mọ́mì.”

Kò sunkún, èmi náà kò sunkún. Oníbàárà kan wọlé, ó fẹ́ rán gáùn. Mo wọn èjìká rẹ̀, àyà rẹ̀ àti gígùn ọwọ́ rẹ̀, mo kọ wọ́n sínú ìwé. Nígbà tí mo padà wò wọ́n lọ́jọ́ kejì, kò sí èyí tó ṣì.

Ní ọjọ́ Àìkú, Alàájì dé pẹ̀lú àgbà méjì nínú aṣọ funfun. Mo bu omi fún wọn. Mo sọ fún Alàájì kó tó jókòó pé ọmọ ti mọ̀.

“Ta ló sọ fún un?”

“Nọ́ńbà ni. Ó wò ó, ó mọ̀ pé kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ó bi mí, mo dá a lóhùn.”

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó máa bínú. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún.

“Ó mọ̀,” ó ní. “A ò tíì sọ fún un. A kì í fi nọ́ńbà túfọ̀ baba ẹni.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Alàájì pe ọmọ lórí fóònù mi, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ọmọ wa, ṣé o ti jókòó?”

“Mo ti jókòó, Bàbá.”

“Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?”

Ó dárúkọ ará ìlú wa tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kí Alàájì láti ẹ̀yìn.

“Àwa mẹ́ta ló wà níbí pẹ̀lú ìyá rẹ. Wọ́n ní o yege. A yọ̀ fún ẹ. Bàbá rẹ ì bá yọ̀ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tó fún wa ní i ti gbà á. Bàbá rẹ ti ṣíwájú wa lọ. A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára, a sin ín dáadáa, kò sí ohun tó yẹ òkú Mùsùlùmí tí a ò ṣe fún un. Àwa la ní kí ìyá rẹ má sọ. Bí o bá máa bínú, àwa ni kóo bínú sí.”

Mo ń retí pé ó máa ní òun ti mọ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. A gbọ́ ọ tó ń sunkún. Ó kọ́kọ́ wá díẹ̀díẹ̀, ó wá pọ̀. Ó ń pe bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń sọ pé, “Ó tó, ẹ pẹ̀lẹ́, ó tó.” Àwọn àgbà méjèèjì gbójú sílẹ̀. Alàájì na fóònù síwájú bí ẹni tó di ohun gbígbóná mú, ó wò mí, kò mọ ohun tó máa fi ṣe.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa ohùn tó ń jáde síta, mo gbé e sétí.

“Mọ́mì,” ó ní, “ẹ má gbé e sílẹ̀.”

Mo ní n kò ní gbé e sílẹ̀. Àwọn àgbà mu omi wọn, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí mi pé Ọlọ́hun á tù wá nínú. Mo tẹ orí ba fún wọn, mo sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù ní etí mi, ọmọ mi ṣì ń sunkún.